Okùn Tí Verlin Fà Lórí Yìnyín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì o. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, torí inú ń bí mi!

1. Verlin, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota l'Amẹ́ríkà níbí, ọkàn rẹ̀ ń lù tìkọ̀tìkọ̀, òòyì ń kọ́ ọ, ó ń dákú. Wọ́n la abẹ́ èjìká òsì rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀, wáyà rẹ̀ wọnú ọkàn lọ, ọkàn sì ń lù déédéé. Ẹ wo ọgbọ́n ọmọ aráyé! Dókítà ní: "Bàbá, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má gbé apá òsì kọjá èjìká, ẹ má sì fi fa nǹkan. Wáyà yẹn ò tíì mú dáadáa."

Ọlọ́wọ́ òsì sì ni Verlin. Ardis ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọ lọ́rùn.

2. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìdíje ẹja pípa lórí adágún tó ti di yìnyín dé. Verlin ní òun kàn fẹ́ wòran ni. Lyle aládùúgbò wọn gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò sínú yìnyín jáde. Bíi jẹnẹrétọ̀ ni, okùn ni wọ́n ń fà. Lyle fà á títí, kò jí.

"Verlin, wá fà á! Àbí o ti di ìyàwó ọ̀ṣìngín ni?"

"Lyle, pa ẹnu ẹ dé!" Ardis pariwo. "Dókítà ní..."

"Ṣé dókítà ló ń bá mi pẹja?" Verlin já aṣọ kúrò lọ́rùn, ó fi ọwọ́ òsì fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀rọ jí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ gbọ́ o, wọ́n pàtẹ́wọ́!

3. Láti ọjọ́ náà ni òsúkè ti mú un, tí ikùn rẹ̀ ń fò pì-pì. Òòyì sì tún padà dé.

"Jẹ́ ká pe ilé ìwòsàn," Ardis bẹ̀ ẹ́.

"Kọfí ló fà á jàre. Ṣé kí dókítà yẹn wá máa bá mi wí bí ọmọdé ni?"

Wáyà ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ nínú ọkàn, ikùn ló wá ń ta jìgì, Verlin sì ń tìjú! Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ṣubú nídìí tábìlì oúnjẹ. Kò dìde mọ́.

4. Lyle gbé àwo ọ̀dùnkún àti ẹran tí wọ́n yan wá, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé olókùú. Ardis dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Lyle, ẹja mélòó lẹ pa lọ́jọ́ yẹn?"

Lyle wolẹ̀. "A ò rí ìkankan pa."

"Gbé àwo ẹ, kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹ ṣe ohun tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ ṣe. Tẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ ń fi aláìsàn ṣẹ̀fẹ̀, ẹ jáwọ́! Ìbáwí dókítà ò lè ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ardis ló ń dá jẹun báyìí.