Ẹni Tó Ń Gbọn Òwú Nù Lẹ́nu Ọ̀nà

Nígbà tí báńkì náà ń kọ́ olú iléeṣẹ́ onígíláàsì rẹ̀, wọn ò wó gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń hun aṣọ tẹ́lẹ̀. Ńṣe ni ilé tuntun gbé e mì tòun ti bíríkì pupa rẹ̀. Ibẹ̀ ni iná ti pa Láníyọnu, ọkọ Morádéyọ̀, nídìí aṣọ tó ń hun. Ibẹ̀ náà ni Morádéyọ̀ wá ń gbálẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe gbálẹ̀ tán, ó gbọ́ pá, pá, pá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí Láníyọnu ṣe máa ń gbọn òwú kúrò lára aṣọ nìyẹn kó tó wọlé tọ̀ ọ́.

“Àjọkẹ́.”

Oríkì tí ẹnikẹ́ni ò fi pè é mọ́! Ó fẹ́ jẹ́, àmọ́ ó rántí ìkìlọ̀ ìyá rẹ̀: ẹni tí o ò bá rí, má jẹ́ ìpè rẹ̀ lóru. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Àjọkẹ́, ṣé o ṣì ń bínú ni?”

Àárọ̀ ọjọ́ iná yẹn, wọ́n ti jà. Láníyọnu pè é títí, kò dá a lóhùn.

Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ rọra ń padà lọ.

“Mi ò bínú mọ́, olówó orí mi! Mo wà níbí o!”

Ó já ilẹ̀kùn ṣí. Kò sẹ́nì kankan. Òwú funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọn nù ló wà nílẹ̀ lóde, ìkankan nínú rẹ̀ ò sì kọjá ẹnu ọ̀nà wọlé.