Ilẹ̀kùn Iwájú

Òpìtàn abúlé so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́ etí odò tí àwọn baba wọn fọwọ́ gbẹ́, ó lọ ń kan ilẹ̀kùn iwájú Neeltje opó.

Neeltje yọrí lójú fèrèsé. “Bàbá, ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Ìyàwó àti òkú nìkan ló ń gba iwájú. Èwo lẹ jẹ́ nínú méjèèjì?”

“Mo ti kọ ọ́ sínú ìtàn abúlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ilẹ̀kùn yìí ti ṣí: ẹ gbabẹ̀ wọlé bí ìyàwó, wọ́n sì gbé òkú ọkọ yín gbabẹ̀ jáde.” Ó ṣí fìlà. “Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹ gbabẹ̀ jáde bí ìyàwó mi.”

Neeltje pa fèrèsé dé gbàgà. Bàbá dúró títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ọkọ̀ rẹ̀.

Ni Neeltje bá ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn: “Ẹ wá bá mi tì í kó ṣí jàre! Ó ti dógùn-ún.”