Sunday Ni Kó Jẹ́

Ìyá Olúdọ̀tun fẹ́ rí ìgboro Calgary kó tó padà sílé, inú snow ló sì ti fẹ́ rí i.

"Ẹni tó dé ìlú òtútù tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ heater," ló wí, "kí ló máa rò fún wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday, Olúdọ̀tun tẹ́ máàpù bọ́ọ̀sì sórí tábìlì nínú ilé wọn ní Abbeydale. Ó ti sọ fún Màmá pé mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ta mọ́tò náà.

"Bọ́ọ̀sì máa gbé wa dé Marlborough," ó wí. "Ibẹ̀ la ti máa wọ train. A máa wo odò tó ti dì, a máa gun tower, a máa wo àwọn tó ń fi bàtà onírin sáré lórí yìnyín."

"Grandma will fall," ni Tófúnmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wí.

"Ta ló máa ṣubú? Bàbá ẹ ló máa ṣubú! Èmi tí mò ń dá lọ Kútọnu lọ ra aṣọ, tí mi ò gbọ́ ẹyọ Faransé kan!"

Ọmọ́ládé, ìyàwó Olúdọ̀tun, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, ibí kì í ṣe Kútọnu o. Bí ẹ bá sọnù níbí, ọlọ́pàá ló máa gbé yín wálé."

"Kí wọ́n kúkú gbé mi wálé. Mo ti wọ mọ́tò ọ̀fẹ́ nìyẹn."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Màmá wá ṣí Bíbélì rẹ̀, ó yọ fọ́tò kan láàárín ìwé Jóṣúà. Olúdọ̀tun ló wà nínú rẹ̀, nínú kóòtù tuntun, níwájú ilé gíga onígíláàsì kan. Orúkọ ilé iṣẹ́ epo tó gbà á síṣẹ́ wà gàdàgbà lókè ilẹ̀kùn.

"Mo fẹ́ rí ibí yìí náà," ó wí.

Olúdọ̀tun wo Ọmọ́ládé. Láti oṣù kẹwàá, nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ni wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Dókítà Màmá sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun tó lè mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Nítorí náà, láràárọ̀, Olúdọ̀tun ń de táì, ó ń kí Màmá pé ó dìrọ̀lẹ́, ó sì ń lọ jókòó sí ilé ìkàwé ní Forest Lawn títí ọjọ́ iṣẹ́ á fi parí.

"A máa rí i, Màmá," ó wí. "Sátidé ni ká lọ. Wọn kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé, kò ní sí èrò."

"Sátidé ò bọ́ sí i. Sunday ni kó jẹ́, lẹ́yìn ìsìn."

Sunday náà dára fún Olúdọ̀tun. Ó pinnu pé wọn ò ní sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Ojú fèrèsé train ni òun á ti fi ilé náà hàn án.

Ọ̀sẹ̀ náà kún fún ẹ̀rín. Tófúnmi kọ́ Màmá bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́. Màmá ń wọ kóòtù rìn káàkiri pálọ̀, ó ní òun ń múra sílẹ̀ fún òtútù. Ìrẹsì ń tètè tán nínú àpò. Ní Thursday, Ọmọ́ládé ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá bàtà snow Màmá tó tutù lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jáde ni?"

"Mo kàn yọjú wo ayé."

Ní Friday, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Ní Sátidé, ó gbé kúlà oúnjẹ dání, ó ní òun ń lọ bá àwọn ìyá ìjọ gbàdúrà, pé kí ẹnikẹ́ni má sin òun. Nígbà tó dé, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Àbí ara yín ò yá?" ni Olúdọ̀tun bi í.

"Ara mi yá. Àsìkò ariwo ni ò tíì tó."

Ní Sunday, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì wọ bọ́ọ̀sì. Màmá gbé kúlà rẹ̀ sórí itan. Ní Marlborough, train dé, ilẹ̀kùn ò sì ṣí. Kí Olúdọ̀tun tó ṣàlàyé pé bọ́tìnì ni èèyàn ń tẹ̀, Màmá ti tẹ̀ ẹ́.

"Grandma!" ni Tófúnmi kígbe, ó ń pàtẹ́wọ́.

Wọ́n rí odò. Wọ́n rí àwọn ewúrẹ́ omi, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe pe àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá tó wà létí yìnyín, Ọmọ́ládé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ìjókòó níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé downtown, Olúdọ̀tun nàka sí ojú fèrèsé.

"Ọ́fíìsì mi nìyẹn, Màmá. Ẹ wò ó dáadáa, a ti ń kọjá lọ."

Train dúró. Màmá tẹ bọ́tìnì, ó sì sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wọn sáré tẹ̀lé e nínú snow.

"Màmá, wọ́n ti tì í!" ni Olúdọ̀tun ń pariwo. "Ẹ jẹ́ ká lọ gun tower!"

Màmá ò wẹ̀yìn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn gíláàsì náà, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé náà dìde lórí àga rẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ Olúdọ̀tun. Òun ló gba káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá a dúró.

Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó gba kúlà lọ́wọ́ Màmá bó ṣe ń gbà á lójoojúmọ́ láti Monday tí Màmá ti kọ́kọ́ dá gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì jọ ń yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ láìpariwo, ó de fìlà rẹ̀, ó ní, "Mama, today we go around seven times, yes? And today we shout!"