"Á Yanjú" Ló Ti Ilẹ̀kùn Ilé Búrẹ́dì Bàbá Haralambie

Ẹ̀yin tí ẹnu yín kì í gbà láti sọ pé "apá mi kò ká a," ẹ dúró ná. Ẹ má fò ó, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ní Romania níbí, gbólóhùn kan wà lẹ́nu wa: "Se rezolvă." Á yanjú. Ta ni yóò yanjú rẹ̀? Kò sọ. Lọ́jọ́ wo? Kò sọ. Ọ̀rọ̀ tí kò ní baba! Òun ló ba ayé Zamfira jẹ́.

1.

Zamfira ni olórí àwọn obìnrin méje tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì Bàbá Haralambie. Láti ìgbà tí ilé ìtajà ńlá ti ṣí létí títì ni ilé búrẹ́dì náà ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ọdún Àjíǹde wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilé ìwòsàn ní àwọn fẹ́ ẹgbẹ̀ta cozonac, búrẹ́dì dídùn alásálà, láàárọ̀ Sátidé ọdún. Bí ó bá pé, tó sì dára, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọn yóò ti máa gba búrẹ́dì lójoojúmọ́.

Bàbá pè é. "Zamfira, èémí ìkẹyìn wa nìyí. Bí èyí bá bọ́, mo ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ṣé apá yín á ká a?"

"Ọ̀gá, á yanjú."

2.

Lọ́jọ́ Túsìdé, òkúta inú ààrò ńlá là sí méjì. Ààrò kékeré ló kù, kò sì lè yan ju igba lọ kí Sátidé tó mọ́. Bàbá kò mọ̀. Orúnkún ń dùn ún, kì í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdí ààrò.

Petronela tó ń po ìyẹ̀fun ní, "Àǹtí Zamfira, ẹ lọ sọ fún ọ̀gá."

"Kí n sọ kí ni? Kó lè máa wí pé mo ti darúgbó?"

"Kí ẹ sọ pé ààrò ti là!"

"Ìwọ tí cozonac rẹ àkọ́kọ́ le bí òkúta, ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Po ìyẹ̀fun rẹ jàre. Mo ti pe atúnààrò."

Kò purọ́, ó pè é. Kí ni ọkùnrin náà wí? "Á yanjú." Ẹ ò rí i? Á yanjú pàdé á yanjú!

3.

Lọ́jọ́rú, Veta, tó ní ilé búrẹ́dì tirẹ̀ ní abúlé kejì, pe Bàbá lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ààrò mi ṣófo lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún yín, ẹ kó o wá."

Bàbá gbé fóònù dání, ó yíjú sí Zamfira. "Ṣé a nílò rẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbàlà ló ń kanlẹ̀kùn yẹn o! Petronela tẹ Zamfira lẹ́sẹ̀ lábẹ́ káńtà. Zamfira fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

"Kò pọndandan, ọ̀gá. Á yanjú."

Veta bá gba iṣẹ́ ẹlòmíràn.

4.

Ọ̀sán Jímọ̀ dé, atúnààrò kò dé. Ìyẹ̀fun pípò fún ẹgbẹ̀ta cozonac ti wà nílẹ̀, ìyẹ̀fun kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó wú, ó ṣàn kúrò nínú ọpọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí kan. Zamfira ko iná mọ́ ààrò kékeré kí ó lè yá. Ẹ̀yìn cozonac jó, inú rẹ̀ ṣì tutù. Ó sáré pe Veta.

"Àǹtí Veta, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Ààrò mi ti kún, Zamfira. Lọ́jọ́rú ni mo fi lọ̀ yín, ẹ ní kò pọndandan."

Ó kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun tó ṣàn sílẹ̀. "Ọlọ́run, kí ni mo fi ẹnu mi ṣe yìí?"

Ibẹ̀ ni Bàbá bá a, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ibi tí òkúta ti là.

"Láti ìgbà wo?"

"Túsìdé, ọ̀gá."

Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. "Ká ní o sọ fún mi ní Túsìdé, ǹ bá gba ààrò Veta. Bí kò bá tiẹ̀ tó, ǹ bá sọ fún wọn pé igba ni kí wọ́n máa retí. Igba tó dájú sàn ju ẹgbẹ̀ta ẹnu lásán lọ, Zamfira."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ ilé ìwòsàn kó ogóje lọ. Kò padà wá mọ́. Kí oṣù tó parí, Bàbá ti ilẹ̀kùn tó ti ń ṣí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Petronela wà ní Italy báyìí, ó ń tọ́jú ìyá oníyàá, ó fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Zamfira ńkọ́? Lóṣù tó kọjá, ó lọ ra búrẹ́dì nílé ìtajà ńlá. Pẹpẹ ṣófo.

"Ọmọ mi, ṣé búrẹ́dì ṣì ń bọ̀?"

Ọmọbìnrin tó ń tajà kò gbójú sókè. "Á yanjú, ìyá."

Zamfira bú sẹ́kún lójú gbogbo èèyàn. "Ta ni yóò yanjú rẹ̀? Sọ fún mi! Ta ni?"

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ sọ iye tí apá yín ká. Ohun tó bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bàjẹ́. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni, kì í pa èèyàn. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ má gba "á yanjú" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ bi í pé ta ni, nígbà wo, pẹ̀lú kí ni. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í lè sọ pé "rárá" níbi iṣẹ́, kó tó pẹ́ jù.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.