Agogo Ẹnu Ọ̀nà

Ọkùnrin tó ń ṣe dùùrù oníná fi ìbínú ṣí ilẹ̀kùn. Yìnyín nìkan ló rí. Ìgbà kẹta nìyí láàárọ̀ yìí.

"Ẹ̀yin ọmọ burúkú, ẹ máa tẹ agogo kẹ́ ẹ máa sá!"

Ipa bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà tóbi ju ti ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ò jẹ́ kó wolẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist ń bọ̀ láti Chicago wá ra ogún dùùrù. Torí rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ṣe so agogo ilé mọ́ àwọn wáyà dùùrù tó fi ń darí bí ìró ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń kú. Ìró náà á máa jí díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀ tó ń mọ́. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó lè mú un falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wanda, ìyàwó rẹ̀, fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn wọlé.

"Ta ni bàbá onírùngbọ̀n tó wọ takisí lọ yẹn? Ó ní òun tẹ agogo wa títí ọwọ́ òun fi kú, kò dún."

"Irọ́ ni!"

"Ó ní ẹni tí agogo ilé ẹ̀ ò dún, dùùrù wo ló fẹ́ tà fóun?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dún láàárọ̀ yìí, Wanda! Ẹ̀ẹ̀mẹta! Mi ò bá ẹnì kankan níta!"

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún, jẹ́jẹ́, ó ń ròkè bọ̀. Ó sáré ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni.

"Jókòó, jàre," ni Wanda wí. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, kí n tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi."