Ewúrẹ́ Tí Kò Gbà Pé Ara Òun Ti Yá

Ko, ko, ko! Báyìí ni ìyá mi ṣe máa ń fi ṣíbí kan abọ́ èèpo iṣu ní Ìgbájọ. Ewúrẹ́ tí kò bá sáré wá, àìsàn ń ṣe é nìyẹn. Mo ti lo ogójì ọdún nílùú òtútù yìí, ìró náà kò kúrò létí mi.

Láàárọ̀ àná, àwa olùdánwò pàdé lórí ẹ̀rọ ayélujára láti yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé kan, Fadérera, wò, ẹni tó ṣe abẹ́rẹ́ tó ń wo ikọ́ ewúrẹ́ sàn. Òfin sì ni pé ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun ti yá, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gboyè.

Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, tó ń túmọ̀ igbe rẹ̀ sí èdè ènìyàn, fọhùn pé, “Àyà ń dùn mí.”

“Irọ́ ló ń pa, sà!” Fadérera fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. “Ó ti mọ̀ pé aláìsàn là ń fún ní àgbàdo!”

Mo ní, “Ọmọ mi, mú abọ́ páànù kan, kí o fi ṣíbí kàn án.”

Kò tíì kàn án lẹ́ẹ̀kẹta tí ewúrẹ́ fi fo tábìlì kọjá, tó da tíì sí ọ̀gá tó ń kọ́ Fadérera lára. Ẹ̀rọ ṣì ń ké pé, “Àyà ń dùn mí o!”

Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo fi ìdájọ́ mi ránṣẹ́: “Ẹ fún Fadérera lóyè. Ewúrẹ́ ló fìdí rẹmi.”