Ilẹ̀kùn Tí Ìbídùn Kò Tì

"Ilẹ̀kùn mélòó ni ìdánwò náà ṣí?"

"Ṣé ẹ̀yin náà kò rí i pé ogójì ni?"

"Mélòó ló tì?"

"Kí ló dé tí ẹ fi ń bi mí ní ohun tí ẹ mọ̀?"

Ìbídùn kò bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀ ti ṣú, òun nìkan ló kù ní ọ́fíìsì. Orí àga Akínlàjà, ọkọ rẹ̀ tí wọ́n sin lóṣù tó kọjá, ni ohùn náà ti ń wá.

Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ ètò kọ̀ǹpútà wò ń gbà wọ inú àkójọ ìsọfúnni. Èyí tí wọn kò bá tì, agbára ẹ̀rọ a máa jò gba ibẹ̀ títí yóò fi dákú. Mọ́kàndínlógójì ti tì. Orúkọ Akínlàjà ló wà lára èyí tó kù.

"Ìwọ tí o máa ń bá gbogbo ọ́fíìsì jà nítorí ilẹ̀kùn tí wọn kò tì, ta ló pa ìlà àṣẹ tó ń ti èyí rẹ́ nínú ètò náà?"

Àga náà dún díẹ̀, ohùn náà sì fi oríkì Ìbídùn pè é.

"Àbẹ̀kẹ́, ó ti rẹ̀ mí. Ta ló dá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà?"

Ìbídùn fọwọ́ bo orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Èmi ni. Bí mo bá tì í, orúkọ yín yóò kúrò lára àwọn tó ṣì wà níbí."